Omi Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀

Ta ló fi àpò iyanrìn dí odò Amúlẹ̀? Ìbéèrè náà ò gùn, kò sì le. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Habibah Lágúnjú ti ń bi àwọn ará Abà Abógúnrìn, ìbéèrè tí kò bi wọ́n ni wọ́n ń dáhùn. Ọ̀kan ní òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé iná mànàmáná yìí máa dá ìjà sílẹ̀. Òmíràn ní kí ìjọba kọ́kọ́ bá àwọn tún ọ̀nà tó já sí títì Ìpetumodù ṣe ná. Ẹnì kẹta ròyìn ọmọ rẹ̀ tó kàwé tí kò ríṣẹ́, ó ròyìn títí, ó wá ní kí Habibah bá òun wá nǹkan sí i nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí oòrùn fi mú dáadáa, orí ti ń fọ́ obìnrin náà, gbogbo ọ̀rọ̀ abà sì ti sú u.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìdrís, ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ odi sínú odò náà, wà ní àtìmọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá n'Ífẹ̀. Ohun tó fẹ́ ṣe ò ju kí omi gba inú páìpù lọ yí tọ́báìnì kékeré kan, kí abà tí kò ríná rí lè tan gílóòbù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí gan-an ni òṣìṣẹ́ àjọ tó ń fúnni láṣẹ láti lo omi odò ń bọ̀ láti Òṣogbo wá wo ibẹ̀. Bó bá dé tó bá odò ní gbígbẹ lọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé onímọ̀ ẹ̀rọ ló dí i, àṣẹ ò ní í jáde. Wọ́n á wó odi náà, Ìdrís á sì ti àgọ́ ọlọ́pàá dé ilé ẹjọ́.

"Èyí ò le," ni ọ̀gá àgọ́ wọn wí nígbà tó ń gbé e lé Habibah lọ́wọ́. "Ọmọ náà fẹ́ kí omi pọ̀ fún ẹ̀rọ ẹ̀, ló bá dí i mọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. O kàn lọ wá ẹ̀rí tá a máa gbé dé kóòtù ni."

Ní ti Habibah, ìgbà tí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ kan ò le ni àyà rẹ̀ máa ń já. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó lọ sí orí odi náà. Kò ga ju àyà ọkùnrin lọ, ó sì gùn láti etí odò kan dé ìkejì. Ìdrís fi àlàfo kan sí àárín rẹ̀, kí omi tó tọ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ kọjá tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Òfin ló ní kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo odò kò gbọdọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Inú àlàfo yìí ni wọ́n ti kó àwọn àpò sí, wọ́n há gádígádí. Lẹ́yìn odi, ní ìsàlẹ̀, òkúta àti ẹrẹ̀ tó ti sán ló kù.

Sájẹ́ǹtì Roqeeb, tí wọ́n ti fi ṣọ́ ibẹ̀ láti ìjẹta, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Roqeeb, ìjẹta lẹ ti rí àwọn àpò yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Omi ò sì dé ìsàlẹ̀ títí di òní?"

"Kò dé, mà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò kó wọn kúrò?"

Roqeeb na ọrùn sókè. "Ẹ̀rí ni wọ́n, mà. A kì í fọwọ́ kan ẹ̀rí kí ọ̀gá tó dé."

Habibah wò ó títí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ náà níléèwé ọlọ́pàá ló ń kà fún un yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè bá ìwé jà. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, àwọn méjèèjì sì jọ fa èyí tó wà lókè pátápátá nínú àwọn àpò náà jáde. Àmì bíríkítí kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn. Wọ́n fi okùn rán ẹnu rẹ̀ dáadáa. Habibah fi ọ̀bẹ já okùn náà, ó ki ọwọ́ bọ inú iyanrìn tútù, ó sì fa ewé jáde. Ewé gbòdògì ni. Wọ́n tò ó yí inú àpò náà ká, ọ̀kan lé ọ̀kan, kò sí ibi tí iyanrìn ti kan ara àpò.

Ìyá tó bí Habibah ta obì ní Ẹdẹ títí ó fi darúgbó. Ẹ̀gbẹ́ àpò obì ni Habibah ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Kò sì sẹ́ni tó ní láti sọ fún un ohun tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹni tó di àpò yìí, obì ló máa ń dì," ó sọ fún Roqeeb. "Ojú àpò obì ò dí, kí atẹ́gùn lè máa wọ inú ẹ̀ ni. Tó o bá rọ iyanrìn sí i, á máa jò. Elòmíì ì bá fi ọ̀rá tẹ́ inú ẹ̀. Ẹni yìí ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ewé ni ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀."

"Ìdrís ò di obì rí, mà. Ọmọ yunifásítì ni."

"Ó lè bẹ ẹni tó ń dì í. Má tíì bá a yọ̀."

* * *

Ẹni tó fẹjọ́ Ìdrís sùn ni Habibah kọ́kọ́ lọ bá. Ìyá Àmọ̀kẹ́ ló ni ẹkù tó wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí àwọn obìnrin abà ti ń fún epo. Ó jókòó lórí agbada tó dojú dé, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ẹyìn tí wọ́n ti gún wà nínú kòtò ẹkù níwájú rẹ̀, ó ti ń rùn, eṣinṣin sì ti gbà á.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Ìjókòó tipátipá ni. Ẹ wò ó. Ẹyìn tí mo ti sè, tí mo ti gún, tó ku kí n bu omi sí i kí epo ẹ̀ léfòó. Òun ló ń kan nílẹ̀ yìí."

"Wọ́n ní ẹ gbá Ìdrís létí."

"Mo gbá a. Tí ẹ bá ń tú u sílẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi, ó ku ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ṣé ẹ rí i níbi tó ti ń dí omi?"

"Mi ò rí i. Ta ló tún máa dí i? Ta lomi wúlò fún tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà máa ń di obì, Ìyá?"

"Ta ni kì í di obì lábà yìí?"

Roqeeb rọra tẹ ẹnu mọ́ etí ọ̀gá rẹ̀. "Ó lè jẹ́ àwọn náà ni, mà. Kí wọ́n lè fi kó bá ọmọ yẹn."

Etí Ìyá Àmọ̀kẹ́ ò di rárá. Ó pòṣé, òṣé náà gùn. "Ọlọ́pàá, ṣé èmi ni màá ba ẹyìn ara mi jẹ́? Àtìgbà tí wọ́n ti kó bíríkì dé ni mo ti ń pariwo pé ilẹ̀ ìyá mi ni wọ́n ń gbẹ́ lókè yẹn. Wọ́n ní Àmọ̀kẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ṣe wọ́n níbi, odi yẹn ni màá wó. Kí ni mo fẹ́ máa dí i sí?"

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìyá yẹn gba etí ọ̀tún Habibah wọlé ni, ó gba tòsì jáde. Nínú gbogbo ọdún tó ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì bá ẹni tó ń bínú pàdé ní abà kan tí kò ní ilẹ̀ ìyá tàbí ilẹ̀ bàbá tí wọ́n gbà. Ohun tó mú lọ ni gbólóhùn tó kẹ́yìn. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ẹni tó bá kórìíra odi á wó odi. Ẹni tó dí i, ó ní ohun tó fẹ́ kí odi náà bá òun ṣe.

* * *

Àmì bíríkítí dúdú yẹn gbé wọn dé Sábó, nílé Aminullah tó ń ra obì ránṣẹ́ sókè Ọya. Kò sí nílé. Wọ́n ní kí Habibah dúró dè é, ó sì dúró lábẹ́ igi dongóyárò kan láàárín àwọn àgbò tó wà fún títà. Ọ̀kan nínú wọn fi orí kàn án nídìí bó ṣe ń gba ìpè ọ̀gá rẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti parí. Ó ní kò tíì parí. Àgbò náà tún kàn án.

Aminullah dé, ó kí i pẹ̀lú Yorùbá tó já geere ju ti Roqeeb lọ; Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Ifẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí.

"Àmì mi ni, mi ò jiyàn," ó ní. "Àmọ́ àwọn tó ń tà fún mi ni mò ń kó àpò òfìfo fún. Wàllàhì, ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ti dé abà yẹn."

"Ta lẹ kó àpò fún níbẹ̀?"

"Ta ni mi ò kó o fún? Bàbá Fáṣínà tó jẹ́ àgbà wọn. Ìyá Àmọ̀kẹ́. Ilé Abógúnrìn, àti ọmọ, àti ìyàwó, àti àna…"

"Ó tó," ni Habibah wí. "Ẹ ṣeun."

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Ó ti wá ẹni tó ń di obì láti àárọ̀, ó sì ti rí gbogbo abà. Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń gba Ẹnuwá kọjá, Roqeeb bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká mú èyí, ká mú tọ̀hún. Habibah bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Kò dákẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́.

* * *

Ìdrís ti rù. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tí wọ́n gbá ṣì wú díẹ̀. Bí Habibah ṣe wọlé ló dìde.

"Mà, ṣé wọ́n ti ṣí omi fún àwọn Ìyá?"

Ó ya Habibah lẹ́nu pé ohun tó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. "Wọn ò tíì ṣí i. Ẹ̀rí ni wọ́n pè é. Jókòó. Wọ́n ní ìwọ lo dí i kí ẹ̀rọ rẹ lè lágbára sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti ṣàlàyé ohun kan títí tí ẹnu fi bó o. "Mà, ẹ̀rọ yẹn ò tíì ṣiṣẹ́. Àjọ ò tíì fún wa láṣẹ. Àwọn fúnra wọn ló ti ẹnu páìpù pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe? Tí wọ́n bá tiẹ̀ ṣí i, páìpù ò lè gbà ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ da òkun sí ẹnu ẹ̀, ìwọ̀nba tó ń gbà náà ló máa gbà."

"O sọ èyí fún ọ̀gá àgọ́?"

"Mo sọ ọ́, mà. Wọ́n ní kí n má fi ìwé dààmú àwọn."

 Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Habibah lọ́kàn ni, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé kò tètè wọ̀ ọ́. Omi kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń jí sè jẹ. Kò lọ sísàlẹ̀. Kò wọ páìpù. Ó ní ibi tó wà. Láti ìjẹta ni àtọlọ́pàá àtará abà ti dúró ti odò gbígbẹ, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ẹni tó gbé omi wọn lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó yíjú padà wo ibi tí omi náà dúró sí.

"Kí ló wà létí odò, lókè odi?"

"Kòkó díẹ̀, mà. Ilẹ̀ Bàbá Fáṣínà ni. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí i pé ká lo etí odò náà."

"Tí omi bá kún lókè yẹn, ṣé á gun ilẹ̀ náà?"

"Á gùn ún dáadáa, mà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú."

"Yàtọ̀ sí omi, kí ni òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ lónìí fẹ́ wò?"

"Ààlà, mà. Wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn ín ni. Ẹni tó bá ní òun ló ni etí odò, òfin ní kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tí ilẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí."

Habibah yí sí Roqeeb tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ẹ̀rí ni àwọn àpò yẹn?"

"Ìwé òfin ni, mà…"

"Kí ìwé tó sọ ọ́. Ẹnu ta lo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbẹ̀?"

Roqeeb ronú. "Bàbá Fáṣínà ni, mà. Wọ́n tiẹ̀ gbé àga wá fún mi kí n lè máa jókòó ṣọ́ ọ."

Habibah fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan ti odò pa, ó wá fi ọlọ́pàá ṣe àgádágodo. Ìjọba ló ń san owó ọ̀yà àgádágodo ọ̀hún.

Ó ní kí wọ́n mú Ìdrís wá sínú mọ́tò. Ọ̀gá àgọ́ kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó wá gbà, ó ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Habibah ò ní ìgbà tó fẹ́ fi jiyàn. Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀.

* * *

Òṣìṣẹ́ àjọ ti dé ṣáájú wọn. Ìmọ́lẹ̀olúwa lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà òjò láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì bí ẹni tó ń gun òkè. Gbogbo abà ti pé. Bàbá Fáṣínà, àgbàlagbà tó sanra tó wọ agbádá funfun, ló dúró tì í. Ó ń ṣàpèjúwe fún un bí ilẹ̀ àwọn baba òun ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà tó fi wọ inú omi lọ.

Omi náà kún lóòótọ́. Ó tẹ́ rẹrẹ láàárín igi kòkó, kò mì.

"Mo fẹ́ kí wọ́n kó àwọn àpò wọ̀nyẹn kúrò," ni Habibah wí lẹ́yìn tó ti kí wọn.

Bàbá Fáṣínà rẹ́rìn-ín. "Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin ọlọ́pàá lẹ máa ba ẹ̀rí jẹ́ fúnra yín?"

"Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí lára wọn, Bàbá."

"Kí ọ̀gá láti Òṣogbo kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná. Tí wọ́n bá ti wò ó tán, ẹ lè kó o."

"Bàbá, àwọn obìnrin yín ò rí omi fọ epo láti ìjẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà wọn lẹ fẹ́ kí wọ́n tún dúró?"

Kùn-ùn kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ láàárín èrò. Bàbá Fáṣínà gbé apá agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Nínú òfin," ni Ìmọ́lẹ̀olúwa dá sí i, "odi tí mo bá bá… ní dídí… bí mo ṣe bá a náà ni màá kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́, sà. Ẹ ti kọ ọ́? Ó dáa. Roqeeb, wọ inú omi."

Bí àpò tó kẹ́yìn ṣe kúrò, omi ya gba inú àlàfo, ó sáré lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Àwọn obìnrin hó. Èrò wọ́ tẹ̀lé omi náà lọ sọ́nà ẹkù. Ìmọ́lẹ̀olúwa fẹ́ tẹ̀ lé wọn, Habibah dì í lápá mú.

"Ẹ dúró tì mí níbí, sà. Òkè ni ká wò."

"Kí la fẹ́ rí lókè, Ìyáàfin?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ ká wò ó."

Òótọ́ ni pé kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ omi yẹn tí ẹnì kan ò fẹ́ kí àlejò rí, ó tán. Bí omi bá fà tán tó jẹ́ pé ewé kòkó jíjẹrà ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti pe gbogbo ayé jọ wá wo ẹrẹ̀, ọ̀gá àgọ́ á sì rí ọ̀rọ̀ sọ títí ọdún á fi parí.

Omi ń fà díẹ̀díẹ̀. Bàbá Fáṣínà ò wò ó rárá. Ó ń bá Ìmọ́lẹ̀olúwa sọ̀rọ̀ kíákíá, ó ní iyán ti wà nílẹ̀, ó ní ẹran ìgbẹ́ ló wà lórí rẹ̀, iyán kì í sì í dúró de àlejò. Ìmọ́lẹ̀olúwa ní nínú òfin, òun ò gbọdọ̀ jẹun lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọrọ àṣẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Habibah fẹ́ràn rẹ̀.

Kùkùté kan yọrí láàárín omi. Ìkejì yọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yọ léraléra, lórí ìlà kan ṣoṣo tó tọ́ láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ibi àpáta. Wọn ò nípọn ju ọwọ́ èèyàn lọ, ojú ibi tí àdá ti gé wọn ṣì funfun.

"Kí nìyí, Bàbá?" ni Habibah bèèrè.

"Igi ni."

"Igi wo?"

 Àwọn tó kù lára èrò ló dáhùn, ohùn wọn ò ròkè. "Pẹ̀rẹ̀gún ni."

Kò sí ọmọ oko tí wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé. Pẹ̀rẹ̀gún kì í tò sórí ìlà fúnra rẹ̀. Ààlà ni. Ilẹ̀ Bàbá Fáṣínà parí síbi ìlà yẹn. Láti ibẹ̀ wá sí etí omi, títí kan ibi tí wọ́n mọ ìdí odi lé, ibi tí wọ́n ri páìpù sí, ẹlòmíì ló ni ín.

Ẹnì kan ti sáré lọ pe Ìyá Àmọ̀kẹ́ ní ẹkù. Ó dé, ó rí i, ó sì dúró. "Ìyá mi ló gbìn wọ́n," ó ní. Kò pariwo. "Ọmọ kékeré ni mí, èmi ni mo ń pọnmi tá a fi ń rin wọ́n."

"Mi ò hú u," ni Bàbá Fáṣínà wí lójijì. "Kí wọ́n má bà mí jẹ́. Mi ò hú pẹ̀rẹ̀gún kankan."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Habibah dá a lóhùn. Àárẹ̀ ti mú un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà. "Ẹ ò jẹ́ hú u. Láyé àtijọ́ títí dòní, wọ́n ní ẹni tó bá hú ààlà, ilé ara ẹ̀ ló ń hú. Ẹ bẹ̀rù ẹ̀. Orí ẹ̀ lẹ gé, torí gbogbo èèyàn ló ń gé pẹ̀rẹ̀gún, kò sì sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kùkùté ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ rin ààlà sì ń bọ̀ lónìí. Lẹ bá ní kí omi bá yín bò ó. Ẹ di iyanrìn bí ẹ ṣe ń di obì. Ẹ tún fi ọlọ́pàá ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí àlejò á fi lọ. Ọmọ ọlọ́mọ sì ń sùn sátìmọ́lé."

Àgbà náà wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbínú ló fi sọ ọ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kó dé abà yìí kí n tó kú. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó ni etí odò, ta ni kí n pè? Kí n mú Àmọ̀kẹ́ tó ń bá gbogbo ayé jà síwájú ìjọba? Ó máa kọ̀ ni. Mo ní èmi ni mo ni ín, kí nǹkan lè tètè yọrí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹnu ara mi sọ yẹn ni mo ń sá fún látìgbà náà."

"Ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ mi kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé màá kọ̀," ni Ìyá Àmọ̀kẹ́ wí.

Ìmọ́lẹ̀olúwa ti pa fáìlì rẹ̀ dé. "Nínú òfin," ó ní, "ìfọwọ́sí ẹni tí kò ni ilẹ̀… kì í ṣe ìfọwọ́sí. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa tún ìkéde lẹ̀ mọ́ ìta, kí ẹni tó bá ní ẹ̀hónú lè wá. Ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo omi nísàlẹ̀. Ẹni tó sì ni etí odò gan-an gbọ́dọ̀ gbà. Tí ó bá ní rárá, odi náà á wó."

Ariwo sọ. Habibah jókòó sórí odi pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Ó ti rí ẹni tó ṣe é. Ó ti já ọmọ aláìṣẹ̀ gbà. Ohun tó fi san án fún abà yìí ni pé iná tí wọ́n rò pé ó kù díẹ̀ ti tún padà sẹ́yìn. Inú bí i sí òfin, ó bí i sí àgbà tó gé igi, ó sì bí i sí ara rẹ̀ tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn gba etí kejì jáde láàárọ̀.

Àwọn èèyàn ti yí Ìyá Àmọ̀kẹ́ ká. Àwọn tó ní Àmọ̀kẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀ ń pè é ní Ìyá wa, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà, kó fi ti Ọlọ́run ṣe é. Bàbá Fáṣínà pàápàá ti ṣí fìlà. Ìdrís la àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà pọ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fojú gbálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́…"

Ìyá Àmọ̀kẹ́ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ó wo irin tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wá yíjú sí Habibah.

"Ẹ tú u sílẹ̀ ná," ó ní. "Mi ò lè bá ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní àánú ẹ̀ ló ṣe mí. Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní èmi ni mo sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Kó gba ọwọ́ ẹ̀, kó wá jókòó, kó wá sọ ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ ìyá mi ṣe."

Habibah dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Roqeeb, ó sì lọ ṣí i fúnra rẹ̀.